Ìkòkò Ọtí Ìyá Tí Mo Fi Ọṣẹ Fọ̀

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé Gíga,
                                        Adankolo,
                                        Lokoja,
                                        Ìpínlẹ̀ Kogí.
                                        Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Karùn-ún, Ọdún 2025.

Mákánjúọlá, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Okun o. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni ọ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọdún tí o lò ní Lokoja kò ní jẹ́ kí o ti gbàgbé bí àwa ṣe ń kí ara wa. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ Bàbá tó ń dùn wọ́n nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ṣé ó ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo gbọ́ pé òjò ti ń rọ̀ dáadáa ní Ìbàdàn. Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn. Níbí, òjò kan ṣoṣo ló tíì rọ̀ tó ṣeé pè lójò. Ooru kò lọ, iná ọba kò sí, èmi àti abẹ̀bẹ̀ la jọ wà.

Bí o bá bi mí, ara le, ọpẹ́ ni. Àmọ́ ó rẹ̀ mí, ọ̀rẹ́ mi. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí èèyàn ń fi oorun wò. Mo máa ń jí láàárọ̀ bí ẹni tó ru ẹrù sùn. Màá wọ aṣọ iṣẹ́, màá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, màá máa wo bàtà mi títí kẹ̀kẹ́ á fi dé.

O pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mi ò gbé e. Má bínú. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé sọ lórí fóònù, torí bí mo bá bẹ̀rẹ̀, màá yí i sí yẹ̀yẹ́, o kúkú mọ̀ mí. Bàsítì, awakọ̀ ọ̀gá wa, ń bọ̀ ní Ìbàdàn lọ́jọ́ Ajé, òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Mo mọ̀ pé Goodness, ọmọbìnrin tí o rán sí wa láti Abuja, ti sọ fún ọ pé ọtí Ìyá ti bàjẹ́, pé ohun tí o ń yìn láti ọjọ́ yìí wá kò sí mọ́. Ohun tó rí ló sọ, kò parọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Ìyá ló ba ọtí náà jẹ́. Èmi ni.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìwọ náà mọ ẹ̀yìnkùlé wa, abẹ́ máńgòrò yẹn, níbi tí Ìyá, àbúrò ìyá mi, ti ń pọn ọtí ọkà bàbà láti ìgbà tí àwa méjèèjì ti wà nílé ìwé. O mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọn á rẹ ọkà, wọn á tẹ́ ẹ sábẹ́ ewé kó hù, wọn á sá a, wọn á lọ̀ ọ́, wọn á sè é láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bó bá wá tán, tí wọ́n bá bu igbá kan fún ọ, á kọ́kọ́ dùn lẹ́nu, á wá korò díẹ̀ lọ́nà ọ̀fun, lẹ́yìn náà ara rẹ á balẹ̀. Olùkọ́ ń mu ún, oníkẹ̀kẹ́ ń mu ún, àwọn ọ̀gá ní ọ́fíìsì ń rán èèyàn wá rà á nínú ike, wọn á fi ọ̀rá dúdú wé e kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Ìyẹn ló máa ń dùn mí. Ohun tí wọ́n fẹ́ràn jù ni wọ́n ń fi ọ̀rá dúdú wé. Ọtí inú ìgò ní pátákó gbàgàdà lójú títì, tòun ti iná. Ti Ìyá kò ní ju máńgòrò lọ. Kì í sì í ṣe Ìyá nìkan. Bí o bá gba ọ̀nà Ajaokuta, wàá bá Màmá Onize, obìnrin Ebira tó ń pọn tiwọn ní Ganaja, tí ọtí wọn le ju ti Ìyá lọ, tó sì ń ta sánsán. Ọkùnrin Bassa kan wà létí odò tó ń fi oyin sí tiẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n ju àwọn tó ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì wọn lọ.

Nítorí náà, nígbà tí o pè mí ní oṣù kejì, tí o ní o ti rí ẹnì kan tó fẹ́ ṣí ilé ọtí sí Abuja, tó jẹ́ pé ọtí àwọn tó ń fọwọ́ pọn ọ́n nìkan ni wọ́n á máa tà níbẹ̀, tí wọ́n á sì kọ orúkọ ẹni tó pọn ọ́n sára rẹ̀, inú mi dùn débi pé mo sáré lọ bá Ìyá láàárín ọjà. Wọ́n ń ṣa àlùbọ́sà lọ. Nígbà tó yá ni wọ́n bi mí pé, "Orúkọ wo ni wọ́n á kọ? Ìyá Ọlọ́tí?" Mo ní rárá, orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n ni. Wọ́n ní, "Adéòkè?" Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ orúkọ yẹn kẹ́yìn, Mákánjúọlá. Àwọn tó lè pè wọ́n bẹ́ẹ̀ ti kú tán. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń ka ọjọ́, wọ́n sì lọ bá aránṣọ kó bá wọn tú ìdí ìró kan tó ti fún.

Ibi tí mo ti ṣìṣe rèé. Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń ṣe wolé-wolé ní ìjọba ìbílẹ̀ ni mo wà yìí. O mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe bí wọ́n bá rí mi ní ọjà Kpata. Ọlọ́bẹ̀ á da aṣọ bo ìkòkò, alágbo á fẹsẹ̀ ti ike rẹ̀ sábẹ́ tábìlì. "Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́" ni orin mi. Bí mo bá kú lónìí, òun ni kí wọ́n kọ sórí sàréè mi.

Ìyá lọ sí òkú kan ní Kàbà ní ọ̀sẹ̀ tí Goodness fẹ́ wá tọ́ ọtí wò fún ilé ọtí náà. Ọjọ́ Ajé ni, èmi nìkan ló wà nílé. Mo wo inú ìkòkò ńlá mẹ́ta tí wọ́n fi ń pọn ọtí, ó dúdú, èèpá ọdúnmọ́dún ti lẹ̀ mọ́ ọn. Mo gbójú sókè, mo rí okùn Ìyá lókè ààrò. Bóyá o kò kíyè sí okùn yìí rí, torí àwọn obìnrin kì í jẹ́ ká sún mọ́ ọn. Èèpo igi ni wọ́n fi hun ún, ó gùn tó apá ọkùnrin. Bí ọtí bá ti tutù, wọn á ki okùn náà bọ inú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọtí á ti máa hó. Inú okùn yẹn ni ìwúkàrà ń gbé. Bí ọtí bá ti tó, wọn á yọ ọ́, wọn á fi kọ́ kó gbẹ di ọjọ́ mìíràn. Ìyá tó bí ìyá wọn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ìyàmoyè, ìlú wọn. Bí ibì kan bá ń já, wọn á hun tuntun mọ́ ọn. Wọn kì í fi ọṣẹ kàn án, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í fi ọṣẹ kan ìkòkò. Omi lásán ni.

Mo mọ èyí. Má jẹ́ kí n purọ́ fún ọ pé mi ò mọ̀. Mo gbọ́ ọ láti kékeré bí èèyàn ṣe ń gbọ́ pé kí ọmọdé má jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ojú ọmọ Abuja yẹn ni mo fi ń wo ilé wa. Mo rí i lọ́kàn mi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ wo inú ìkòkò, tó fọwọ́ bo imú, tó padà sínú ọkọ̀. Ojú tì mí nítorí ìyá mi. Ni mo bá pọn omi. Mo fi ọṣẹ àti kàn-ìn-kàn-ìn bó ìkòkò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta títí àwọ̀ amọ̀ wọn fi yọ. Mo da bílíìṣì sí i, mo ṣàn án. Mo wá mú okùn náà wálẹ̀, mo sè é. Omi rẹ̀ dúdú bí omi aró, inú mi sì ń dùn bí mo ṣe ń dà á nù. Mo sá a sóòrùn, mo fi kọ́ padà síbi tó wà.

Ìyá dé lọ́jọ́ kejì. Ojú ọ̀tún wọn ti ń ṣú, wọn ò tètè rí nǹkan mọ́. Wọ́n kàn ní kí ló ń rùn bí ilé ìwòsàn. Mo ní ilé ìyàgbẹ́ ni mo fọ̀. Wọ́n ní mo kú iṣẹ́.

Ọjọ́rú ni wọ́n sè é. Nírọ̀lẹ́, wọ́n ki okùn bọ̀ ọ́, wọ́n fi aṣọ bò ó. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́, wọ́n gbé etí lé ìkòkò àkọ́kọ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n gbé e lé èkejì, wọ́n gbé e lé ẹ̀kẹta. Wọ́n tún padà sí ti àkọ́kọ́. Ọtí náà sùn gbalaja bí omi ògì. Kò hó, kò wú. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ẹtì, ó ti ń rùn, ó sì kan lọ́nà tí kò yẹ. Àwọn oníbàárà tó wà níjókòó ń gbà wọ́n nímọ̀ràn. Ọ̀kan nínú wọn ní kí wọ́n sáré lọ ra ti Màmá Onize ní Ganaja, kí wọ́n dà á sí ìkòkò tiwọn fún àlejò, ta ló máa mọ̀. Ìyá wò ó láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Èmi ni màá mọ̀."

Goodness dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde. Ọmọ dáadáa ni, Mákánjúọlá, kì í ṣe irú ẹni tí mo ń bẹ̀rù rárá. Ó kúnlẹ̀ kí Ìyá. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ kó tó wọ ẹ̀yìnkùlé, kò sì wo inú ìkòkò kankan pẹ̀lú ojú ìríra. Ìyá wọ ìró tí wọ́n tún ṣe. Wọ́n bu ọtí sínú igbá, wọ́n gbé e fún un, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọtí mi kú. Tọ́ ọ wò kí o lè rí i pé mi ò purọ́ fún ọ." Ó tọ́ ọ wò. Kò tu ú. Ó gbé igbá náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó bi Ìyá pé ṣé kò sí ohun tó yí padà lọ́sẹ̀ yẹn, bóyá omi, bóyá ọkà, bóyá ìkòkò. Ìyá ní kò sí. Ó wá wo èmi náà bí ẹni tó ń bi mí. Mo wo bàtà mi.

Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Ẹnu mi wà lórí mi, mo sì wo bàtà. Ìyá sin ín dé ibi ọkọ̀, wọ́n fi ẹ̀pà sísun lé e lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, wọ́n bọ́ ìró náà, wọ́n ká a, wọ́n tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Mo sọ fún ara mi pé màá sọ lọ́la. Lọ́la dé, ó ti rẹ̀ mí. Ọ̀tunla dé, a ní ìpàdé ní ọ́fíìsì. Mo ronú pé bóyá ìwúkàrà á padà wọ inú okùn fúnra rẹ̀, bí ewéko ṣe ń padà hù. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Ìyá tún rẹ ọkà. Wọ́n ṣe é bí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n sè é. Ó tún kú.

O ní láti mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí nílé wọn. Bí ọtí bá kọ obìnrin lẹ́ẹ̀mejì léraléra, wọ́n gbà pé ọwọ́ rẹ̀ ti tutù nìyẹn. Wọn kì í bá a jà, wọn kì í wá oògùn sí i. Obìnrin náà á dojú ìkòkò rẹ̀ délẹ̀, ó parí. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá ṣe. Mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá ìkòkò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìdojúdé lábẹ́ máńgòrò. Wọ́n ti fún Ràṣídátù, ará ilé kejì wa, ní asẹ́ wọn. Wọ́n fún ẹlòmíràn ní ọpọ́n. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ọwọ́ wọn, wọ́n ń yí i síwá, wọ́n ń yí i sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Peter, ọwọ́ mi ò dùn mí o. Mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tó kú." Mo wọlé lọ, mo sì jẹ oúnjẹ tí wọ́n gbé sílẹ̀ dè mí.

Wolé-wolé, ta ni yóò wá wo ilé tìrẹ?

Àlhájà Kàrímọ́tù ló lé mi jáde níbi tí mo sá sí. Àwọn ló ń ta ọkà bàbà fún Ìyá ní Kpata. Ará Ìlọrin ni àwọn baba wọn, wọ́n ti pẹ́ ní Lokoja ju ìjọba lọ. Mo ń yí ọjà ká lọ́jọ́ Ẹtì kan, wọ́n pè mí wọ inú ìsọ̀. Wọ́n ní, "Peter, ọdún kejìlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń ta ọkà fún ìyá rẹ. Mi ò bi wọ́n rí ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Ògì ni mo gbà pé wọ́n ń ṣe." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Àlhájà, ògì ni. Wọ́n ní, "Ẹ̀hẹ́n. Wọ́n wá síbí lánàá. Wọ́n ní kí n má tọ́jú ọkà dè wọ́n mọ́, pé wọ́n ń lọ sí Ìyàmoyè lọ dúró de ọjọ́ wọn. Èmi ò tíì rí ẹni tó torí pé ògì ò dáa tó lọ dúró de ikú. Kí lẹ ṣe fún wọn?" Àlhájà bá nu ojú wọn, wọ́n ní, "Ohun yòówù kó jẹ́, ẹ lọ tún un ṣe. Èmi náà ti di àgbà, mi ò fẹ́ wá oníbàárà tuntun."

Mo jẹ́wọ́ lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹrù Ìyá ti wà nínú àpò ńlá méjì. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, èmi àgbà ọkùnrin, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Bílíìṣì?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Wọ́n ní, "O se okùn náà?" Mo ní mo sè é. Wọ́n bi mí bí omi rẹ̀ ṣe rí, mo ní ó dúdú bí aró. Wọ́n dìde, wọ́n mú okùn wálẹ̀, wọ́n gbé e símú, wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wá jókòó sórí àpò ẹrù wọn. Wọ́n ní, "A jẹ́ pé kì í ṣe ọwọ́ mi." Wọ́n tún un sọ, ó sì dàbí ẹni pé wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wò mí. "Peter, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń ṣọ̀fọ̀ ara mi, tí ìwọ jókòó tì mí, tí o ń jẹun."

Mákánjúọlá, mo ti gbọ́ èébú láyé mi. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe, èébú ni wọ́n fi ń dúpẹ́. Kò sí èyí tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí dé.

Ọjọ́ méjì gbáko ni wọn ò dá ìkíni mi lóhùn. Ní ọjọ́ kẹta ni wọ́n sọ fún mi pé okùn kì í jí lẹ́yìn tó bá ti kú. Ó di kí wọ́n rí ìwúkàrà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, okùn Màmá Onize nìkan ló sì tó nǹkan ní gbogbo Lokoja. Nígbà náà ni mo gbọ́ ohun tí mi ò mọ̀. Nígbà omíyalé ọdún 2022, omi gbé gbogbo ohun tó wà nílé Màmá Onize lọ, títí kan okùn wọn. Wọ́n wá bá Ìyá, wọ́n ní kí wọ́n gé ìwọ̀nba fún àwọn. Ìyá ní okùn àwọn kì í jáde nílé. Obìnrin náà dúpẹ́, ó padà lọ nínú ẹrẹ̀, ìlú àwọn ènìyàn rẹ̀ ló ti wá rí òmíràn. Wọn ò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà.

Mo ní kí Ìyá má yọ ara wọn lẹ́nu, èmi ni mo bà á jẹ́, èmi ni màá lọ bẹ̀bẹ̀. Mo lọ. Màmá Onize gbọ́ mi tán, wọ́n ń nu igbá wọn lọ. Àwọn kan mọ̀ mí níbẹ̀, wọ́n ti ń rọra ti ìkòkò ọbẹ̀ sẹ́yìn. Màmá Onize ní, "Wetin person wey no get pot wan take am do? Kí ẹni tó ni ìkòkò wá."

Mo jíṣẹ́ náà fún Ìyá bó ṣe rí. Mo rò pé wọ́n á bínú. Wọ́n kàn wé gèlè, wọ́n ní kí n pe kẹ̀kẹ́.

Ọ̀sán gangan la dé Ganaja. Bẹ́ǹṣì kún fún ọkùnrin tó ń mu. Ìyá kò pe Màmá Onize sí kọ̀rọ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni wọ́n, Màmá Onize kò tíì pé ọgọ́ta. Mo rí bí Ìyá ṣe gbá ẹ̀gbẹ́ ìró wọn mú, mo sì rí orúnkún wọn tó kan ilẹ̀ síméǹtì, ọ̀kan kọ́kọ́, lẹ́yìn náà èkejì. Orúnkún tó yẹ kó wà nílẹ̀ ni tèmi. Màmá Onize sáré wá, wọ́n ní, "Ẹ dìde, ẹ dìde, ẹ má jẹ́ kí n ṣẹ̀ sí Ọlọ́run." Ìyá kò dìde. Wọ́n ní, "Mo ní tiwa kì í jáde nílé. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyẹn, mi ò gbàgbé." Màmá Onize wá kúnlẹ̀ tì wọ́n. Wọ́n ní, "Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń ro ohun tí màá sọ sí yín lọ́jọ́ tí ẹ bá wá. Ní báyìí tí ẹ wá, mi ò rí i sọ mọ́."

Wọ́n mú okùn wọn wálẹ̀, wọ́n mú ọ̀bẹ, wọ́n gé e sí méjì. Wọn ò gé bíńtín, àárín gan-an ni wọ́n ti gé e. Àwọn méjèèjì sì ń sunkún bí wọ́n ṣe ń gé e, mi ò sì mọ ibi tí màá gbé ojú mi sí.

Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni Ìyá tún gbé ìkòkò dìde. Wọ́n sè é lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, wọ́n gbé etí lé ìkòkò, wọ́n pa ojú dé, wọn ò sì gbé etí kúrò. Láti ẹnu ọ̀nà tí mo dúró sí ni mo ti ń gbọ́ bó ṣe ń hó. Ẹnu ọ̀nà ni àyè mi báyìí. Mo lè pọn omi wá dé ibẹ̀, ẹlòmíràn á gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní ẹsẹ̀ mi kò gbọdọ̀ dé ìdí ìkòkò àwọn mọ́ títí wọ́n á fi kú, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Lánàá ni a tọ́ ọ wò. Ó dùn, ọ̀rẹ́ mi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ìwọ mọ̀. Ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ń ta sánsán, kò sì rọra korò lọ́nà ọ̀fun bí ti àtijọ́. Èyí tí a mu láti kékeré, tí ìyá tó bí ìyá wọn gbé sílẹ̀, kò sí mọ́ láyé. Mo ti dà á nù pẹ̀lú omi dúdú yẹn. Ìyá mu igbá kan tán, wọ́n ní, "Ó dáa. Kì í ṣe tèmi, àmọ́ ó dáa."

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Bá mi forí balẹ̀ fún Bàbá. Àlhájà Kàrímọ́tù ní kí n kí ọ, wọ́n ní ṣé o ṣì fẹ́ràn ògì. Fún Bàsítì ní omi tútù mu bó bá dé, ọ̀nà náà jìn.

Ó ku ohun kan, òun gan-an ni mo ṣe jókòó kọ̀wé. Mo bi Ìyá pé kí ni kí n sọ fún ọ nípa Goodness, ṣé kí o bẹ̀ ẹ́ kó padà wá. Wọ́n rò ó dáadáa. Mo fi ọ̀rọ̀ wọn síbí bí wọ́n ṣe sọ ọ́: "Sọ fún Mákánjúọlá pé kí ọmọ náà máa bọ̀. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ yà ní Ganaja. Orúkọ obìnrin yẹn ni kó kọ. Bí wọ́n bá bi í nípa tèmi, kó ní mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀."

Èmi tí ojú ń tì, tìrẹ náà ni,

Peter.